Líìfìtì Tí Kò Sí Nínú Ẹ̀rí Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fa àga sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohun tí ojú mi rí nínú ìrìn-àjò ìsinmi wa lọ́dún yìí kò ṣeé dá gbé mì. Mo ti fi rẹ́rìn-ín, mo ti fi sunkún, ó wá ku kí n sọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Ìyá Tọ́lá ni mí. Marzahn ni mò ń gbé ní Berlin, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Gbénga ọkọ mi ń wa tram. Tọ́lá, ọmọ wa kan ṣoṣo, ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Bí mo bá sọ Yorùbá sí i, German ló fi ń dá mi lóhùn. Àbí bó ṣe rí nílé tiyín náà kọ́ nìyẹn?

Àwa ìdílé méje kan wà, àwọn kan ní Berlin, àwọn kan ní Hamburg, tí a ní ohun tí wọ́n ń pè ní timeshare ní erékùṣù kan ní Caribbean. Kò le láti yé èèyàn. Ilé ìgbafẹ́ kan ló wà létí òkun, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ nínú ọdún tó lè lọ gbé nínú yàrá kan níbẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ yín bá pé, ẹ ó lọ. Tó bá parí, ẹ ó kó ẹrù yín jáde kí ẹlòmíì wọlé. Àwa ni a wọlé kẹ́yìn nínú méje yìí, ìgbà àkọ́kọ́ wa sì nìyí.

Ẹni tó kó gbogbo wa wọ inú rẹ̀ ni Mọ́mì Lurup. Orúkọ wọn gan-an kọ́ nìyẹn o, ṣùgbọ́n Lurup ní Hamburg ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ snow. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ra ọ̀sẹ̀ tiwọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn fà wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní a ò lè máa fi gbogbo ayé wa ṣiṣẹ́ láìsinmi. Mọ́mì fúnra wọn ńkọ́? Wọn ò tíì débẹ̀ rí! Odindi ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi ń fi ọ̀sẹ̀ wọn ta ẹlòmíì lọ́rẹ: tọkọtaya tuntun lọ́dún kan, obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́dún mìíràn.

Síbẹ̀, àwọn ló ṣòfin fún wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn ìrìn-àjò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Ìròyìn ni Mọ́mì pè é, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ ni gbogbo wa, ẹ ṣáà mọ̀ wá. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi di ẹ̀rí. "Ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Òkun mọ́ gaara! A jẹ, a yó, a sùn!" Àwọn yòókù á dáhùn pé Halelúyà, àwòrán ọwọ́ àdúrà á sì tò lọ rẹrẹ. Ta ló máa ń dìde nínú ìjọ láti jẹ́rìí pé bẹ́ẹ̀dì ń dún?

A débẹ̀ lọ́sàn-án Saturday kan, pẹ̀lú àpótí mẹ́ta àti báàgì kan tí mo kó gàrí àti ata gígún sí, bí ẹni pé wọn kì í jẹun níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ sí mi lójú, inú mi dùn débi pé mo di ọkọ mi lọ́wọ́ mú níwájú àwọn èèyàn. Èmi, Ìyá Tọ́lá!

Wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan ní àjà kẹta. A dé ẹnu líìfìtì, pépà kan wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí pépà náà ṣe rí. Oòrùn ti jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣí, igun rẹ̀ kan ti ká sókè, ẹnì kan tiẹ̀ ti ya òdòdó sí i. Ìyẹn kì í ṣe pépà àná.

A fẹsẹ̀ gòkè. Tọ́lá ń ka àtẹ̀gùn ní German, ó jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Gbénga gbé àpótí títí ohùn rẹ̀ fi yí padà. Mo bi obìnrin tó ń tún yàrá ṣe pé ìgbà wo ni líìfìtì yìí ti bàjẹ́. Ó rọra dáhùn pé láti ọdún tó kọjá ni, wọ́n ń retí irin kan láti òkè òkun.

Ọdún tó kọjá kẹ̀? Brother Káyọ̀dé, ọ̀kan nínú wa tó ń gbé Neukölln ní Berlin, ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìgbafẹ́ yìí lóṣù tó ṣáájú, ẹ̀rí rẹ̀ sì gùn tó ìwàásù! Mo pè é lójú ẹsẹ̀.

"Brother Káyọ̀dé, ẹ ò rí líìfìtì ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo rí i now! Ẹsẹ̀ mi ṣì ń dùn mí dòní."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò kọ ọ́?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́, Ìyá Tọ́lá? Kí Mọ́mì lè rò pé a ò moore? Gbogbo àwọn tó ti lọ ṣáájú mi ló gùn ún, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣé ohun ẹ̀rín kọ́ ni? Àfi ìgbà tó di ọjọ́ kejì tí ohùn Mọ́mì Lurup wọlé sórí fóònù mi.

Lọ́dún yìí, fún ìgbà àkọ́kọ́, Mọ́mì fúnra wọn ló ń lọ. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló wà láàárín tiwa àti tiwọn. Ohùn wọn ń dán bíi ti ìyàwó tuntun. "Ìyá Tọ́lá, mo ti ra bàtà funfun tí màá wọ̀ rìn létí òkun. Balikóní tó wà nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni màá jókòó sí mu tíì mi. Ìròyìn dà?"

Mọ́mì ni yóò gun àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gọ́ta? Mọ́mì tó jẹ́ pé tìtorí orúnkún ni wọ́n ṣe kó lọ sí yàrá ìsàlẹ̀ ní Lurup, tí dírẹ́bà bọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ ọkọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè wọ̀ ọ́? Tí wọ́n bá gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ṣé wọ́n á lè sọ̀ kalẹ̀ lọ rí òkun?

Mo sọ fún Gbénga pé mo fẹ́ sọ òótọ́. Ó ní kí n rọra, pé kí n má ba ayọ̀ ìyá oníyàá jẹ́, pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tún un ṣe kí Mọ́mì tó dé. Èmi náà mọ ohun tó ń rò. Nígbà tí ìyá mi kú nílé, tí ìwé ìgbélùú mi kò jẹ́ kí n lè lọ sin ín, Mọ́mì ló wọ ọkọ̀ ojú irin láti Hamburg wá pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lórí itan. Ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi wà lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń wẹ Tọ́lá, wọ́n ń fipá fún mi lóúnjẹ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni màá wá sọ fún pé ibi tí wọ́n mú wa wá kò pé?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ẹ̀rí. Ẹ bá mi yin Ọlọ́run, òkun mọ́ gaara. Mọ́mì fi àdúrà dá mi lóhùn: "O ò ní kábàámọ̀ láyé." Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì ṣe àmín tí mo fi ń kábàámọ̀!

A padà sí Berlin lọ́jọ́ Sunday. Ní Monday, mo wọṣẹ́ àárọ̀. Níbi iṣẹ́ wa, kí àwọn tó fẹ́ lọ sílé tó lọ, a máa ń ṣe Übergabe, ìyẹn ni pé wọ́n á sọ bí gbogbo nǹkan ṣe rí fún àwa tó ń wọlé. Ó ti rẹ ọmọbìnrin tó fẹ́ lọ lọ́jọ́ náà, ó kàn ń sọ ọ́ ní ṣókí: ìyá tó wà ní yàrá keje kò jẹun, bíréèkì kẹ̀kẹ́ kan ti dẹ̀, líìfìtì apá òsì ń dún, ẹ má gbé ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. Ó wọ kóòtù rẹ̀, ó lọ.

Kò yin Ọlọ́run, kò bẹ̀rù pé inú ọ̀gá á bàjẹ́. Kò sì sẹ́ni tó bínú sí i.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ojú tì mí, kí n má parọ́. Ọjọ́ wo ni mo ti ń ṣe Übergabe? Ìyá àwọn tí mi ò mọ̀ rí ni mò ń sọ òótọ́ nítorí wọn láràárọ̀. Ìyá tó wẹ ọmọ mi wá ń bọ̀ wá dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, mo sì fi ẹ̀rí ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ fún wọn.

Mi ò níṣẹ́ lọ́jọ́ Wednesday. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Mọ́mì gbéra. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù, nítorí náà mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg, mo wọ bọ́ọ̀sì dé Lurup. Àpótí Mọ́mì wà ní ṣíṣí lórí àga, bàtà funfun náà wà lókè, pépà ṣì wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó béèrè bóyá àlàáfíà ni, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí pépà tó ti ṣí títí dórí àtẹ̀gùn kẹrìndínlọ́gọ́ta.

Mọ́mì wo bàtà funfun náà. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Gbogbo yín lẹ gùn ún?"

"Gbogbo wa ni, mà."

"Abájọ tí Káyọ̀dé fi rù!"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó.

"Ṣé o mọ ìdí tí mo fi ń fi ọ̀sẹ̀ mi tọrẹ? Ẹ̀yin rò pé ìwà rere ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Fọ́tò lásán ni ọkùnrin tó tà á fún mi fi hàn mí. Mi ò fojú ara mi rí nǹkan kan, mo wá lọ kó ẹ̀yin ọmọ mi sínú ẹ̀. Mo ní tí mo bá débẹ̀ tí mo bá a pé gbájúẹ̀ ni, ojú wo ni mo fẹ́ fi wò yín? Ẹ̀rí yín ni mo ń kà lọ́dọọdún tí ọkàn mi fi wá balẹ̀ láti lọ." Wọ́n wò mí. "Ìyá Tọ́lá, nínú ẹ̀rí yẹn, èwo ló wá jóòótọ́?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tí a ń kọ sí wọn, a ò mọ̀ pé ìyá wa ń gbà á sí òótọ́, pé òun ni wọ́n fi ń ní ìgboyà láti lọ.

Mo nu ojú mi, mo sì ṣe Übergabe fún Mọ́mì. Òkun, òótọ́ ni, omi rẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́. Búrẹ́dì wọn dára. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ mọ èèyàn kí. Bẹ́ẹ̀dì ń dún. Kẹ́tùlù máa ń pẹ́ kó tó hó. Ẹ̀fọn wà lẹ́yìn ilé. Balikóní dára gan-an, ṣùgbọ́n òkè ló wà, líìfìtì sì ti kú. Mọ́mì mú bírò, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìwàásù.

Lẹ́yìn náà a pe ilé ìgbafẹ́ náà. Obìnrin tó gbé fóònù sọ pé yàrá ìsàlẹ̀ kan wà lẹ́yìn ilé, igi dí ojú rẹ̀ kúrò lára òkun, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí iyanrìn. Wọ́n lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún Mọ́mì. Mo bi í pé ṣé àwọn èèyàn máa ń gbà á. Ó ní kò sẹ́ni tó béèrè rí.

Kò sẹ́ni tó béèrè rí! Mọ́mì gbá mi lọ́wọ́ pẹ́pẹ́. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ọ̀wọ̀ yín á pa mí lọ́jọ́ kan!" Ìgbà yẹn ni àwa méjèèjì tó wá rẹ́rìn-ín, a rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di orúnkún wọn mú.

Mọ́mì lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ohùn wọn wọlé sórí WhatsApp ẹgbẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ìròyìn nìyí o, kì í ṣe ẹ̀rí. Líìfìtì: ó ṣì kú. Yàrá mi: mi ò rí òkun níbẹ̀, àmọ́ mò ń gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀dì: ó rọ̀ jù. Ìrẹsì wọn: wọ́n se é mọ́ ẹ̀wà, mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bàtà funfun: ó há mi lẹ́sẹ̀, mo ti bọ́ ọ. Òkun: mo wà nínú ẹ̀ báyìí, ó dé ọrùn ẹsẹ̀ mi." Wọ́n wá dákẹ́, a ń gbọ́ omi. "Ó wà lóòótọ́. Mi ò kó yín sínú gbájúẹ̀."

Mo sunkún níwájú Tọ́lá, ó ń bi mí ní German pé kí ló dé.

Kò sẹ́ni tó kọ Halelúyà. Brother Káyọ̀dé ló kọ́kọ́ fèsì: "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ̀rọ omi ilé ìdáná òkè ń jò láti ọdún mẹ́ta." Bó ṣe di pé gbogbo wọn ń tú àṣírí nìyẹn o! Títí dórí fèrèsé tí kò ṣeé tì.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ràn èèyàn, ẹ má jẹ́ kó dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn kó tó mọ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ẹ kúnlẹ̀ sọ ọ́ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Níbo lẹ lọ fún ìsinmi, kí lẹ sì fi pa mọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ níbí, mò ń kà á. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má kàn kọ "a dúpẹ́" fún mi o!