Bàbá Tó Ń Kágò Nílé Ara Rẹ̀

"Àgò onílé o!" Bí bàbá mi ṣe máa ń wọ ilé ara rẹ̀ ní Múṣin nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀. Tírélà ló ń wà lọ sí Màídúgùri. Oṣù kan lè parí ká má fojú kàn án. Bó bá dé, etí àga ló máa ń jókòó sí, á ní, "Ibo ni mo lè gbé báàgì mi sí?"

Inú á bí màmá mi. "Àlejò ni yín ni?"

Lọ́jọ́ tó fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ pátápátá, ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà, ó gbé báàgì wọ yàrá.

Màmá mi pariwo láti kíṣìnì: "Ta ló wọlé láìkágò?"

"Onílé ni," ni bàbá mi dá a lóhùn.