Iṣẹ́ Tí Ìyá Nafeesah Fi Sílẹ̀

Ìyá Nafeesah ló ń bọ́ ilé yẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó dárúkọ ọkọ rẹ̀, torí Ṣàmsúdéènì fẹ́ràn kí wọ́n máa pe òun ní olórí ilé. Obìnrin náà ń fọṣọ, ó sì ń lọ̀ ọ́, fáwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú tó ń gbé ní Àjàó Estate. Ọkọ rẹ̀ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́. Ó ní ọ̀gá òun ń wo òun bí ọmọdé. Abẹ́ búlọ́ọ̀kù wa ní Jakande ló wá ń jókòó sí, tó ń tayò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó ṣubú sídìí bàsíà aṣọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Kò tíì pé ogójì ọdún. Níbi àdúà fídáù, àwọn ẹbí ọkọ jẹun yó, wọ́n ní kí Nafeesah máa ṣe bí ìyá fún Ìdrís àbúrò rẹ̀. Ọmọ tó wà ní SS2! Kò sẹ́ni tó ní kí bàbá ṣe bíi bàbá.

Kò pẹ́, Ṣàmsúdéènì pe Nafeesah.

“Àwọn oníbàárà ìyá ẹ ń pè. Fi ilé ìwé sílẹ̀ ná. Ìdrís á máa lọ, ọkùnrin ni.”

“Bàbá mi, ẹ̀yin ńkọ́?”

“Kí èmi máa fọ síkẹ́ẹ̀tì obìnrin? Ṣé orí ẹ pé?”

Nafeesah fọṣọ títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Bàbá rẹ̀ á jẹun tán, á padà sídìí ayò, á máa sọ pé ikú ìyàwó ti sọ òun di aláìlókun. Aláìlókun tó ń bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì!

Lọ́jọ́ kan tọ́mọ náà ru aṣọ bọ̀ láti Àjàó, ó pàdé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ti ibi ìdánwò WAEC bọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ yúnifọ́ọ̀mù tó ti kúrú sí i lára, ó gbé áyọ́ọ̀nù àti apẹ̀rẹ̀ aṣọ síwájú bàbá rẹ̀.

“Ọ̀la ni wọ́n ń retí ẹ̀. Mo ń lọ sílé ìwé.”

Ọkùnrin náà pariwo pé káwọn aládùúgbò gba òun.

“Bàbá Nafeesah,” ni mo dá a lóhùn láti ẹnu ọ̀nà mi, “ẹ ki áyọ́ọ̀nù yẹn bọná.”

Ó pe àwọn ẹbí tó jẹ fídáù. Wọn ò gbé fóònù.

Ló bá ń lọ aṣọ náà fúnra rẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù jó ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà, ọ̀pọ̀ nínú wọn bá lọ. Àwọn tó kù, Nafeesah ló ń lọ aṣọ wọn tó bá ti dé láti ilé ìwé. SS2 ló padà sí. Àwọn ọmọ kíláàsì ń pè é ní àǹtí.

Ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá, mo gbọ́ Ṣàmsúdéènì lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tó ń sọ pé òun ti búra pé ikú ìyàwó òun ò ní dá ẹ̀kọ́ ọmọ òun dúró. Wọ́n ń gbàdúrà fún un. Mo pòṣé, mo bá tèmi lọ.