Ife Kẹfà

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta àwo tánganran ní Ìdúmàgbò, torí náà kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní iye ife tó ń wà nínú sẹ́ẹ̀tì tíì. Ife mẹ́fà, sọ́sà mẹ́fà, ìkòkò tíì kan. Oníbàárà tó bá ní kí n yọ ife méjì tà fún òun nínú ẹ̀, màá ní kó lọ yọ ẹsẹ̀ méjì lára ewúrẹ́ alààyè wá kí n kọ́kọ́ rí i. Ẹnu mi mú, mi ò ní parọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ra èyí tó dá wàhálà sílẹ̀. Kúùkù ni nínú ọkọ̀ òkun. Wọ́n gúnlẹ̀ sí Jàpáànù, ó rí àpótí onígi kan ní ṣọ́ọ̀bù bàbá arúgbó kan tó ń mọ ife, ó sì rà á fún mi láìtú u wò, torí ọkọ̀ wọn ti fẹ́ ṣí. Lọ́jọ́ tó gbé e dé Ìsàlẹ̀ Èkó, mo wà lọ́jà. Ọ̀rẹ́ mi ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nílé mi.

Ọmọ Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn ti Bùràsíìlì dé, lọ̀rẹ́ mi yìí. Láti kíláàsì kìíní la ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ó sì ní kọ́kọ́rọ́ ilé mi lọ́wọ́. Bí Gúùdù Fúráìdè bá dé, á gbé fùrẹ́jọ̀n ránṣẹ́ sí wa, ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè. Bí Iléyá bá dé, itan àgbò kan, tiwọn ni.

Òun ló tú àpótí náà, tó fọ ìkòkò tíì àti àwọn ife, tó sì tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀. Àwọn ife náà funfun, wọ́n sì fẹ́lẹ́ débi pé bí o bá gbé ọ̀kan síwájú iná, wàá rí òjìji ìka rẹ lódì kejì. Ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó láwọ̀ bí aró. Wọn ò létí. Ọ̀rẹ́ mi ní báwo la ṣe máa dì í mú tó bá gbóná. Mo ní ká máa fi ọwọ́ méjì gbé e bí ẹni ń gba ẹ̀bùn. A rẹ́rìn-ín. Mi ò kà wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ kejì làwọn tó fẹ́ fẹ́ ọmọ mi fún ọmọ wọn ní àwọn ń bọ̀ wá mọ̀ wá nílé. Àwọn mẹ́fà. Ọ̀rẹ́ mi lọ sí Òkè Àrin lọ ra mílíìkì àti bisikíìtì, ó sì dúró tì mí ní kíṣìnì láti àárọ̀. Àlejò ti jókòó kí n tó to ife sórí tíréè. Márùn-ún. Mo tún un kà. Mo wo abẹ́ àga. Márùn-ún. Gbogbo ife gidi tó kù tí mo ní, ọjà ni wọ́n wà. Ìyá ọkọ fúnra rẹ̀, kọ́ọ̀pù oníke tí àwọn ọmọ fi ń fọ ẹnu ni mo fi bu tíì fún.

Mo padà sí kíṣìnì, mo kọjú sí ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, "Ìwọ lo tú àpótí yẹn. Níbo lo gbé ìkẹfà sí?"

Ó ní, "Márùn-ún ni mo bá níbẹ̀."

Mo ní, "Ta ló ń ta sẹ́ẹ̀tì onímárùn-ún? Bó o bá fọ́ ọ, sọ. Bó bá sì wù ọ́, sọ."

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló bà á jẹ́. Ó nu ọwọ́, ó mú báàgì rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé mi kúrò lára tirẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì jáde. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó ní àpótí lòun rà, òun ò kà á.

Ọdún mẹ́sàn-án la fi bá a lọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá pàdé ní CMS, á máa wo ọkọ̀, èmi á máa wo ṣọ́ọ̀ṣì. Kò wá síbi ìgbéyàwó ọmọ mi, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin á gbé fùrẹ́jọ̀n wá láìjíṣẹ́ kankan, èmi náà á sì fi itan àgbò ránṣẹ́. Abọ́ ń lọ, abọ́ ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ò bá wọn rìn.

Mo máa ń mú ọ̀kan nínú ife náà lọ sí ọjà, bóyá mo máa rí èkejì rẹ̀ nínú ẹrù tó bá wọlé. Lọ́dún yìí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Jàpáànù wá ra abọ́, ó sì rí i. Ó ní, "Mọ́mì, ọwọ́ ni wọ́n fi mọ eléyìí o. Àmì ẹni tó mọ ọ́n rèé nídìí ẹ̀. Ẹyẹ méjì ò ní rí bákan náà." Lóòótọ́, ẹsẹ̀ ẹyẹ ara èyí kúrú ju ti àwọn tó wà nílé lọ. Rìjẹ́ẹ̀tì, ọjà tó lálèébù, ni mo ti ń pè é láti ọjọ́ tó ti délé mi. Ó wá ní, "Mẹ́rin tó kù ńkọ́?"

Mo ní, "Márùn-ún lo fẹ́ sọ."

"Rárá mà. Ife márùn-ún ni wọ́n máa ń kó pọ̀ níbẹ̀. Ti òyìnbó ló ń jẹ́ mẹ́fà. Ṣé àpótí ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín?"

Àpótí wà nílé, tẹ̀sùbáà mi ni mò ń fi sínú ẹ̀. Ó bá mi délé. Àwọn ìlà dúdú kan wà lórí ìdérí, èmi rò pé ọnà ni. Ó fi ìka tọ́ wọn, ó kà á: ìkòkò tíì kan, ife márùn-ún. Ìgbà márùn-ún lóòjọ́, fún ọdún mẹ́sàn-án, ni mo fi ń ṣí ìdérí yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó yẹ kí n kó àwọn àgbà lẹ́yìn kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò lè dúró. Mo gbé àpótí náà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Pópó Àgùdà. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹgbẹ́ kì í kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì.

Mo ní, "Márùn-ún ni. Wọ́n kọ ọ́ síbí. Mo pè ọ́ lólè, ẹ̀bi mi ni. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ó dìde, ó wọlé. Mo ní ó tán nìyẹn. Ìgbà tó jáde, ó mú nǹkan tí wọ́n wé sínú ìwé ìròyìn àtijọ́ dání. Ife ni. Ó funfun, ẹyẹ aláwọ̀ aró wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ ọ̀hún jọ pẹ́pẹ́yẹ, ife náà sì létí.

Ó ní, "Oṣù kejì tí a jà ni mo rà á. Mo wá gbogbo ọjà. Òun ló jọ ọ́ jù."

"Kí ló dé tí o ò gbé e wá?"

"Bí mo bá gbé e wá, ṣé o ò ní sọ pé òun gan-an ni mo jí?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Mo ní, "Màá sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Dìde jàre, kó o tó lọ sọ pé mo jí orúnkún ẹ."

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilé mi kan, mo jù ú sínú ife oní-pẹ́pẹ́yẹ náà. Lọ́jọ́ kejì, mo ti ọjà dé, mo bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ife mẹ́fà ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ wọ́n ni, omi ò tí ì gbẹ lára wọn.