Ìlà tó Gba Abẹ́ Yàrá Ìyá Àgbà Kọjá

Kòtò tí a gbẹ́ sẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Ìlá kò ju ìgbésẹ̀ méjìlá lọ ní gígùn, ṣùgbọ́n ó jìn débi pé bí mo bá dúró nínú rẹ̀, orí mi kì í hàn síta. Láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ ibẹ̀, ó máa ń tutù bí inú ìkòkò omi. Màá dúró sísàlẹ̀, màá kọjú sí ògiri ilẹ̀, àyà mi á sì máa já bíi ti ẹni tí wọ́n fẹ́ pè síwájú adájọ́. Àwọn ará ilé rò pé iṣẹ́ ló ń ka mí láyà. Kì í ṣe iṣẹ́. Ohun tí mò ń wò lára ògiri yẹn ni, àti pé èmi nìkan ni mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, tí mi ò sì fọkàn tán ara mi tó láti sọ ọ́ jáde.

Ní àárín àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta, mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, mi ò ríṣẹ́. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì, ọ̀gá tó kọ́ mi sì ní dípò kí n jókòó, kí n bá òun gbẹ́ kòtò kan. Ó ti wo àwọn fọ́tò tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú, ó sì rí ìlà kan tó lọ tààrà láàárín àwọn òkè wa, tí odò kéékèèké méjì ṣẹ́ kọ́rọ́ níbi tí wọ́n ti pàdé rẹ̀. Ó ní àpáta ti là sí méjì lábẹ́ ibẹ̀ láyé àtijọ́. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá yọ̀ lára ìkejì, òun ni ìmìtìtì ilẹ̀, àmì rẹ̀ kì í sì í parẹ́ nínú ilẹ̀ tó bo àpáta náà. Ẹni tó bá gbẹ́ kòtò dábùú ìlà náà yóò rí ìpele ilẹ̀ bí wọ́n ṣe tò léra wọn. Níbi tí ilẹ̀ bá ti mì, ìpele á já, apá kan á rì, apá kejì á dúró. Ìpele tó bá bo ojú ibẹ̀ láì já, ẹ̀yìn ìgbà tí ilẹ̀ mì ló dé. Bí a ṣe ń mọ ìmìtìtì tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo gbé ìlà ọ̀gá mi lé orí máàpù, ẹ̀yìn ilé wa ló gbà. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo rò pé mo ti rí ibi tí màá sùn àti ibi tí màá jẹun nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Lẹ́yìn náà ni mo so okùn mọ́ igi méjì, mo fà á tẹ̀ lé ìlà náà, okùn náà sì kọ́ mọ́ ògiri ilé. Bí ilé kò bá sí níbẹ̀ ni, yàrá ìyá bàbá mi ni ìbá gbà kọjá.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ sọ ilé wa di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn ọmọ ilé tó wà ní Èkó ti fi irin àti sìmẹ́ńtì ránṣẹ́. Wọ́n ní ó ti sú àwọn kí àwọn máa wálé ọdún kí àwọn máa sùn lórí ẹní ní pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ olórí ilé, ló ń bójú tó iṣẹ́ náà. Wọ́n ti to pákó sí gbogbo òkè yàrá, títí kan ti ìyá àgbà. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n da kọnkéré.

Ẹni tó bá mi gbẹ́ kòtò ni bàbá kan tó ń gbẹ́ kànga. Kò sí àdúgbò tí kò gbẹ́ kànga sí nílùú. Nígbà tó gbọ́ pé kì í ṣe omi ni mò ń wá, ó fi dígà rẹ̀ sílẹ̀.

"Akọ̀wé, kí lo wá ń wá? Góòlù?"

"Rárá, bàbá. Ibi tí ilẹ̀ ti já ni."

"Ilẹ̀ á máa já bí okùn?"

"Ó máa ń já, bàbá."

"Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí yunifásítì, ojú yín ti rí nǹkan." Ó tutọ́ sọ́wọ́, ó tún gbé dígà. Nígbà tó ṣe, ó sọ̀rọ̀ láì wojú mi. "Kànga iwájú ilé yín, ogún ẹsẹ̀ bàtà ni mo ti bá omi. Ti ẹ̀yìn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́ àádọ́ta. Èèyàn lè dúró nídìí ọ̀kan kó sọ òkò sínú èkejì. Mi ò rí irú ẹ̀ níbòmíràn, mi ò sì bi ẹnikẹ́ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo fọ́tò ọ̀gá mi lọ. Mo jókòó sórí ebè, mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé nǹkan ti já lábẹ́ ilẹ̀ láàárín kànga méjèèjì.

Ní ọjọ́ kẹrin, ó hàn. Ilẹ̀ dúdú ló wà lókè pátápátá, ilẹ̀ kan tó ṣú díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ilẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà yangí. Yangí náà wá tààrà bí okùn tí bíríkìlà ta, ó dé àárín ògiri, ó já. Ó rì tó láti ọrùn ọwọ́ mi dé ìgúnpá, kó tó tún máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ pupa náà já tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n lójú mi, èyí tó wà lókè rẹ̀ kò já. Ara tù mí débi pé mo rẹ́rìn-ín fún ara mi. Mo ní ó ti pẹ́ jọjọ, ó ti ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó tẹ ilẹ̀ yìí dó, kò kan ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kan ìṣó sí gbogbo ibi tí ìpele kan ti pàdé ìkejì, mo ta òwú láti ìṣó dé ìṣó, mo sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi pé kó wá wò ó ní Ọjọ́bọ̀.

Ní Ọjọ́rú, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìlá láti ra fíìmù kámẹ́rà. Epo wọ́n nígbà náà. Mi ò rí ọ̀kadà tó máa gbé mi padà, mo sì sùn sọ́dọ̀ ìbátan wa kan. Nígbà tí mo fi máa dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bàbá agbẹ́kànga ti ń dúró dè mí létí kòtò. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ dàńṣíkí.

"Wọ́n ní ọ̀gá rẹ ń bọ̀," ló wí. "Mi ò lè jẹ́ kí àlejò bá iṣẹ́ ọwọ́ mi ní págunpàgun. Wò ó."

Mo wò ó. Bí ó ti máa ń parí kànga ló ṣe parí kòtò mi. Ó ti fá ògiri méjèèjì, ó ti po amọ̀ pẹ̀lú omi, ó sì ti fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ó ń dán. Kò sí yangí, kò sí ilẹ̀ pupa, kò sí ìlà kankan. Ó ti ka àwọn ìṣó mi sínú agolo mílíìkì kan, ó sì ti ká òwú náà jọ dáadáa.

"Ibi tó là yẹn, mo ti dí i," ló wí. "Kò lè wó lu ẹnikẹ́ni mọ́."

Mo sọ pé, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ kú iṣẹ́." Kí ni ǹ bá tún sọ? Àgbàlagbà tó jí láfẹ̀mọ́jú nítorí mi, tí kò bèèrè nǹkan kan. Mo lọ sẹ́yìn igi ọsàn, mo sunkún. Mo tijú, inú ń bí mi, inú sì tún ń bí mi sí ara mi nítorí pé inú ń bí mi sí i. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, mo ní láti jẹ́wọ́ pé ìsinmi díẹ̀ wà níbẹ̀, pé nǹkan náà ti kúrò lójú.

Ọ̀gá mi dé lọ́sàn-án. Ó wo ògiri tó ń dán náà títí. Kò bínú. Ó ní àfi kí a gé e wọlé síwájú, tó gígùn apá èèyàn, a ó bá a níbẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún bàbá agbẹ́kànga, ojú tì í díẹ̀, ó bọ́ dàńṣíkí rẹ̀, ó sì wọ kòtò fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lè gé ilẹ̀ gúnrégé bíi tirẹ̀.

Ìlà náà padà jáde. Yangí já, ilẹ̀ pupa já. Ṣùgbọ́n ní apá inú yìí, kò dúró níbi tí mo ní ó dúró sí. Ó tún gòkè. Ó wọ ilẹ̀ tó ṣú náà, níbi tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dúdú wà: eérú, èédú, àpáàdì mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ gbalaja. Ojú ààrò ni. Ẹnìkan ti dáná síbẹ̀ rí. Ojú ààrò náà wá tààrà, ó dé ojú ibi tó já, ó rì ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Eérú wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, eérú wà ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀.

Bàbá agbẹ́kànga ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Èèyàn ti wà níbí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá," ni ọ̀gá mi wí. Ó ń fi ọ̀bẹ yọ èédú díẹ̀díẹ̀ sínú ọ̀rá, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò láti mọ ọdún tí wọ́n dá iná náà. "Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti mì, ó kéré tán. Àkọ́kọ́, kò sí ẹnikẹ́ni. Ìkejì, wọ́n ti ń se oúnjẹ."

Mo bi í bóyá yóò tún mì. Ó ní òun ò lè sọ pé kò ní í mì. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, ó lè jẹ́ kí òun tó dé Ìbàdàn. Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti bá a rẹ́rìn-ín.

Bí bàbá yẹn kò bá rẹ́ ògiri mi ni, mi ò ní gé e wọlé. Ǹ bá ti lọ sọ fún gbogbo ayé pé ó ti pẹ́, pé kò kan ẹnikẹ́ni. Mo ṣì máa ń ronú nípa ìyẹn ju bó ti yẹ lọ.

Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n máa da kọnkéré. Ní ọ̀sán Ẹtì, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n dá kọnkéré náà dúró ná, ó sì dájú pé mo sọ ọ́ jù. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ tán.

"Ó dá ọ lójú?"

"Kò dá mi lójú, bàbá."

"O mọ ọjọ́?"

"Rárá, bàbá."

"O mọ ọdún? O mọ̀ bóyá láyé wa ni?"

"Mi ò mọ̀, bàbá. Ohun tí mo mọ̀ ni ibi tó máa gbà."

Ó dìde. Mo rò pé ó fẹ́ jáde fún mi ni, ṣùgbọ́n ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Yàrá ìyá àgbà la wọ̀. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi ìpara ra orúnkún. Bàbá gbé kàlẹ́ńdà ńlá kan kúrò lára ògiri. Ògiri ti là láti ilẹ̀ dé òkè, gúnrégé, ó tó kí ìka mi wọ̀ ọ́.

"Ọdọọdún ni mo ń rẹ́ ẹ kí àwọn ará Èkó tó dé," ló wí jẹ́jẹ́. "Kó tó di ọdún mìíràn, á ti padà. Ojú kan náà. Òjò ni mo ń pè é."

Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀rù ti ń ba òun náà tipẹ́. Mi ò rí ìyẹn rí lójú ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ lágbà nínú ilé wa. Kò tù mí nínú rárá.

"Àwọn ọmọ yìí ò ní í gbà," ló wí. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Pé ẹnìkan dáná, ilẹ̀ rì?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí àjà," ni ìyá àgbà wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Èmi tí mò ń sùn lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí."

"Màmá, ẹ kó lọ sí yàrá iwájú," ni mo wí.

"Ìwọ ọmọbìnrin oníṣòkòtò, yàrá yìí ni mo ti bí bàbá rẹ. Mi ò lọ ibì kankan." Wọ́n pa ike ìpara náà dé. "Ṣùgbọ́n ẹ má gbé òkúta lé mi lórí. Páànù ni kí ẹ fi sílẹ̀ lókè mi. Bí páànù bá já bọ́, á dùn mí. Kò ní í sin mí."

Bàbá gbé kàlẹ́ńdà náà padà sára ògiri. Nígbà tí àwọn bíríkìlà dé láàárọ̀ Sátidé, ó ní kí wọ́n tú pákó ẹ̀yìn. Iwájú nìkan ni wọ́n da kọnkéré sí. Ó sọ fún àwọn ará Èkó pé sìmẹ́ńtì ò tó, wọ́n sì pè é ní aláìmọ̀-ọ́n-ṣe lójú rẹ̀ lọ́dún náà, kò jiyàn. Ilé wa ga níwájú, ó kúrú lẹ́yìn. Ní Òkè-Ìlá, Ilé Èjìká Kan ni wọ́n ń pè é. Bàbá gba orúkọ náà mọ́ra, èmi sì ń jẹ ẹ̀bi rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí pé bí mo bá ti ṣì í, èmi ni mo sọ ilé wọn di ẹ̀sín.

Bàbá agbẹ́kànga dí kòtò náà, ó gún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Lọ́dún kejì, ọ̀gá mi bá àwọn tó ń sá lọ sókè òkun lọ, èédú náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò gbọ́ bí iná náà ti pẹ́ tó.

Ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe ni mo ṣe. Mo gé ìwé ìròyìn tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ dábùú ibi tí ògiri ti là, mo gbé kàlẹ́ńdà bò ó. Bí ògiri bá sún, ìwé á ya. Nígbàkígbà tí mo bá wálé, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìyá àgbà á ní, "Ògiri ló wá kí, kì í ṣe èmi." Màá kúnlẹ̀ kí wọn, màá gbé kàlẹ́ńdà. Ìwé náà máa ń wà ní odindi. Ọdún mẹ́ta ló fi wà bẹ́ẹ̀, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn dáadáa.

Ní ìgbà tó kẹ́yìn nínú àwọn ọdún yẹn, ìyá àgbà kò bú mi. Wọ́n ní, "Lọ wò ó."

Ó ti ya. Ẹ̀rùn ni, amọ̀ máa ń gbẹ, ògiri máa ń sún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n mo fi ojú sún mọ́ ọn. Àwọn ìlà ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé ìròyìn náà kò bára wọn mu mọ́. Ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ lápá kan, á dé ojú ibi tó ya, ìyókù rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ díẹ̀ lápá kejì, ní ìwọ̀n èékánná.

"Ṣé òjò ni?" ni ìyá àgbà bi mí.

Mo gbójú sókè wo páànù. Lẹ́yìn náà mo lọ gbé ẹ̀kọ kaná, mo sì lẹ ìwé mìíràn.