Ife Orí Amù

Wárápá kì í jẹ́ kí ẹni tó gbé ṣánlẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Èmi tí mò ń fi ìbéèrè jẹun, àfi kí n lọ bi àwọn ẹlòmíràn bí mo ṣe ṣubú.

Ìdúmọ̀tà ni, lọ́sàn-án gangan, níwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyá àfẹ́sọ́nà mi, lọ́dún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn. Ọmọ wọn mọ̀ pé mo ní àìsàn náà. Ìyá kò mọ̀. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni àwọn èèyàn mi fẹ́ lọ tọrọ ọmọ ní ilé wọn ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Mo padà lọ sọ́jà láti gbọ́ lẹ́nu ìyá bóyá a ṣì lè wá.

Ọkùnrin Ìjẹ̀bú tó ń ta bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló kọ́kọ́ rí mi.

"Ọ̀gá akọ̀ròyìn! Ìròyìn ara yín lẹ wá gbọ́ lónìí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọ̀rọ̀ léèsì lẹ̀ ń bi wá lọ́wọ́. Ojú yín kàn yí, ẹ ṣubú gbì! Ẹnìkan ní ká fi ṣíbí há yín léyín. Èmi ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn yín, pé itọ́ ẹnu yín á ran èèyàn. Ẹ má bínú o."

"Ta ló wá fọwọ́ kàn mí?"

"Ìyá ni. Wọ́n fa ànkárá kan yọ lórí àtẹ, wọ́n fi bo ìsàlẹ̀ yín, torí pé..." Ó wo ṣòkòtò mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa bọ́tìnnì rẹ̀ jọ.

Mi ò bèèrè èyí tó kù.

Amù kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá, ife kan ṣoṣo ló sì wà lórí ọmọrí rẹ̀. Òun ni gbogbo ará ìlà yẹn fi ń mumi. Tẹ́lẹ̀, èmi náà a máa bu omi mu láìtọrọ. Lọ́jọ́ yìí, mo jókòó jìnnà sí i.

Ìyá bu omi, wọ́n gbé e fún mi.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí, mà." Òógùn ń ṣàn lọ́rùn mi.

"Ta ló ní kí o má mu ún? Èmi ni?"

Àwọn obìnrin aláṣọ méjì tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ń wò wá. Ìyá mu ìdajì, wọ́n na èyí tó kù sí mi. Ọwọ́ mi gbọ̀n, omi dà sí mi láyà. Kíá, àwọn méjèèjì fa àpótí ìjókòó wọn sẹ́yìn. Wọ́n rò pé ó tún ti dé.

"Kí lẹ̀ ń sá fún?" Ìyá ò tilẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n dúró sí. "Omi ló dà." Wọ́n yíjú sí mi. "Sọ fáwọn èèyàn yín kí wọ́n tètè dé ní Sátidé o. Mi ò fẹ́ kí ìrẹsì mi tutù."

Mo ní ó dáa, mà. Ó yẹ kí inú mi dùn. Mo dá ife padà sórí amù, mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù jáde, kí n má baà kọjá níwájú àwọn méjì yẹn. Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú wọn, àti ìró omi tó fi ń ṣan ife náà. Mi ò bojú wẹ̀yìn.