Kóòtù Ọ̀gágun Ìdílé Aránṣọ

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yìí, pínnì ló kún ẹnu rẹ̀, mo sì rò pé kò ní lè sọ̀rọ̀. Mo tan ara mi jẹ ni. Kí ó tó wọn ìbàdí mi tán, ó ti pa mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan, ó ti bí ìbejì, ó sì ti dáná sun ilé wọn.

Ìwé ìtàn ìdílé rẹ̀ ló ń kọ, ìran mẹ́rin gbáko. Òótọ́ ni pé ilé wọn kò jóná rí, ṣùgbọ́n ó ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó láti mọ̀ pé ìdílé tí kò bá jóná kì í yá òǹkàwé lára. Iná nìkan ni irọ́ tó gbà láàyè.

Bàbá Ńlá ni ìṣòro. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri ilé ẹ̀gbọ́n aránṣọ, nínú kóòtù ológun, ó yọ àyà síta bí ilẹ̀kùn báńkì. Nígbà tí aránṣọ wà lọ́mọdé, sójà lásán ni bàbá yìí. Nígbà tó lọ́kọ, bàbá ti di ọ̀gá sójà. Ní báyìí tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, ó ti di ọ̀gágun. Òkú mìíràn ń sinmi. Tiwọn ń gba ìgbéga.

Aránṣọ mọ̀ pé ṣòkòtò sójà ni bàbá náà ń rán. Ìyá àgbà rẹ̀, ọmọ bàbá náà gan-an, ló sọ fún un. Bàbá ló kọ́ ìyá àgbà níṣẹ́, ìyá àgbà kọ́ ìyá wọn, ìyá wọn sì kọ́ òun, nídìí ẹ̀rọ kan náà. Bí bàbá bá di ọ̀gágun, a jẹ́ pé ojú ọ̀run ni ẹ̀rọ yẹn ti já bọ́.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí, gbé fọ́tò náà wá fún èèpo ìwé.

“Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ ọ̀gágun.”

“Fi yẹ̀yẹ́ sílẹ̀. O ti kọ ibi tó ti jagun?”

“Mo ti kọ ọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ṣòkòtò ló ń rán níbẹ̀.”

“Ṣòkòtò! Bó o bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, má wá sílé mi mọ́ láé.”

Ọwọ́ aránṣọ dúró lórí ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí. Ó rọra gba fọ́tò náà.

“Kí lẹ rí léjìká kóòtù yìí?”

“Okùn oyè ni, kẹ̀.”

“Màmá kọ́ ẹ̀yin náà níṣẹ́ abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ tó sá nídìí rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa.”

Ó wò ó. Òwú funfun ni, gátagàta, irú èyí tí aránṣọ fi ń so apá mọ́ aṣọ kó tó rán an, tó sì máa ń tú dànù tó bá yá. Kóòtù oníbàárà ni bàbá gbé wọ̀ kó tó rán an tán.

“Tó bá nawọ́ sí ọ̀tá nínú èyí, Bọ̀ọ̀dá, apá kóòtù ni yóò kọ́kọ́ ṣubú lójú ogun.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó. “Àlejò wo ni mi ò tíì fi í hàn!” Ó tún wo fọ́tò náà. “Ṣé ó tiẹ̀ mọ ṣòkòtò rán?”

“Àìmọye sójà ló wọ ṣòkòtò rẹ̀ sáré kúrò lójú ogun. Kò ya.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu olórí ẹbí kó tó rántí pé inú ń bí òun.

Ìwé náà ti jáde, fọ́tò náà wà lórí èèpo rẹ̀ pẹ̀lú òwú funfun léjìká. Aránṣọ ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, ó ń ránṣọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń bá a ta ìwé lẹ́nu ọ̀nà.