Ọmọ Ìyá Àgbà Tó Lọ sí Bọ́mà

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín èwe mi ń ká lọ́kọ̀ọ̀kan, Èbúté Mẹ́ta là ń gbé, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Ìyá tó bí bàbá mi ń bá wa gbé, Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ogun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ti parí kí wọ́n tó bí mi, síbẹ̀ inú ilé wa ló ń gbé.

Ọmọkùnrin méjì ni Ìyá Àgbà bí. Bàbá mi ni àbúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí ogun àgbáyé kejì dé. Ọkùnrin kan tó ti jagun náà háyà yàrá nísàlẹ̀ ilé wa. Irun orí rẹ̀ ti funfun ṣáájú ọjọ́ orí rẹ̀. Bàbá Bọ́mà là ń pè é, torí Bọ́mà, ilẹ̀ jíjìn kan lọ́nà Íńdíà, ni wọ́n kó wọn lọ. Òun ló máa ń ṣàlàyé fún àwa ọmọdé bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn Jámánì ti kọ́kọ́ jagun kan rí, wọ́n pàdánù, ojú tì wọ́n, ebi sì pa wọ́n. Ẹnìkan wá dìde láàárín wọn, ó ní àwọn yóò gbẹ̀san. Ó gba ilẹ̀ ẹni tó múlé tì í, àwọn tó kù ń wò ó, títí ó fi gba òmíràn. Àwọn Jàpáànù náà ń gba ilẹ̀ onílẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn, ogun wọn di tiwa náà, torí abẹ́ wọn la wà. Ó máa ń sọ pé àwọn onílé ló ń jà, ọmọ ayálégbé ni wọ́n ní kó lọ kú.

Ìjọba ní kí ilé kọ̀ọ̀kan ládùúgbò Ìyá Àgbà mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá. Bàbá mi ò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ sá lọ sí oko, Ìyá Àgbà ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má dójú ti ìdílé. Ó bá wọn lọ. Lẹ́yìn ogun, ìwé kan ṣoṣo ló dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba, pé àwọn ò rí i. Wọn ò sọ pé ó kú. Nítorí gbólóhùn yẹn, Ìyá Àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣọ̀fọ̀. Nígbà tí òun àti bàbá mi kó wá sí Èkó, ó ní kí wọ́n kọ àdírẹ́sì ilé tuntun ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí ọmọ òun má baà dé kó má mọ ibi tí yóò gbà.

Ìgbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ogun Bíáfrà náà parí, àwọn ṣọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin bọ̀. Ìyá Àgbà gbọ́. Ó di ọwọ́ mi mú, a fẹsẹ̀ rìn gba Ọ̀yìngbò kọjá, a dé ibùdókọ̀ ojú irin ní Ìdó. Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn ò ní apá mọ́, òmíràn ń fi igi tẹlẹ̀. Mo sọ fún un pé ogun mìíràn nìyí, pé ọmọ tirẹ̀ á ti dàgbà ju ìwọ̀nyí lọ. Ó ní ṣọ́jà ni ṣọ́jà, ibi tí wọ́n bá ti ń bọ̀, ibẹ̀ lòun á dúró sí. Bí mo bá ti dé láti iléèwé báyìí, a ti gbọ̀nà. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí a ṣe fẹ́ jáde, Bàbá Bọ́mà dínà fún wa, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ má lọ mọ́, Màmá. Èmi àti ọmọ yín la jọ wà. Èmi ni mo fi í sílẹ̀."

Kò gbójú sókè tó fi sọ ọ́ tán. Nínú igbó Bọ́mà, ìbọn ba ẹ̀gbọ́n bàbá mi níkùn. Àwọn ọ̀tá ń bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀gá wọn sì pàṣẹ pé kí wọ́n fi ẹni tí kò bá lè rìn sílẹ̀. Bàbá Bọ́mà gbé e sí ìdí igi, ó fún un ní omi tó kù nínú ìgò rẹ̀, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá bi í léèrè, ó ní òun ò rí i mọ́, ìyẹn ni wọ́n sì kọ sínú ìwé. Ó ní torí kóun lè sọ òtítọ́ fún ìyá ọ̀rẹ́ òun lòun ṣe wá háyà yàrá sílé wa. Ọdún mẹ́rin ló ti ń kí i ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ọ̀rọ̀ náà ò jáde.

Mo rò pé Ìyá Àgbà yóò ṣépè fún un ni.

"Ṣé ó mu omi náà?"

"Ó mu ún, Màmá. Ó mu ún tán."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní kí ọkùnrin náà dìde, pé òun lòun kọ́kọ́ fi ọmọ náà sílẹ̀.

A ò padà dé Ìdó mọ́. Wọ́n gbàdúrà òkú ní ṣọ́ọ̀ṣì láìsí òkú, Ìyá Àgbà sì wọ aṣọ dúdú. Kò jẹun dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà, ọdún yẹn ò parí tó fi kú. Bàbá mi ò bá Bàbá Bọ́mà sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkùnrin náà kẹ́rù rẹ̀ lọ sí Mushin láìdágbére, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá mi gbé ayé pẹ́, àmọ́ bí wọ́n bá sọ pé òun nìkan ni ìyá rẹ̀ ní, ńṣe ló máa ń dìde kúrò níbẹ̀.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ọmọ mi kan ti wọṣẹ́ ológun, ó wà ní Òkè Ọya báyìí. Kò sẹ́ni tó fipá mú un, fóònù sì wà, a máa ń rí ojú rẹ̀ nínú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ méjì bá lọ tí kò gbé fóònù, ara mi ò ní gba ìjókòó. Mo máa ń wọ bàtà, mo máa ń dé ẹnu ọ̀nà, kí n tó rántí pé mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ lọ dúró sí.